Mo gbàgbé láti pe bọ́ọ̀lù òkè, eré sì parí sórí àṣìṣe mi

Olùkọ́ Kétu (Àìkú, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oorun àná kò dùn lójú mi rárá, ló jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín kí n tó lọ kojú àwọn ọmọ ní kíláàsì lọ́la.

Àná Sátidé la ṣe àṣekágbá softball (eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì ń sáré yí béèsì mẹ́rin ká) ti àwọn ọmọbìnrin kọlẹ́ẹ̀jì níbí ní Kétu, ilẹ̀ Benin. Ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ni. Èmi ni mo dúró lẹ́yìn ilé (béèsì tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù) gẹ́gẹ́ bí rẹfirí, ọ̀dọ́kùnrin kan tí mo kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ló ń ṣọ́ àwọn béèsì. Àwa méjì náà nìyẹn. A ti dé ìyípo keje tó kẹ́yìn. Àwọn àlejò ní àmì mẹ́rin, àwọn onílé ní mẹ́ta, onílé ló ń gbá. Ẹnì kan nínú wọn ti kú, bí a ṣe ń pe ẹni tó pàdánù àyè rẹ̀ nínú eré. Asáré kan wà ní béèsì kìíní, òmíràn wà ní ìkejì.

Ọmọ tó wà nídìí igi (onígi là ń pè é) gbá bọ́ọ̀lù náà, ó lọ tààrà sókè, ó rọ̀ sórí ẹni tó ń ṣọ́ béèsì kejì bí àwòdì tó rí òròmọdìyẹ. Gbogbo wa gbójú sókè. Oòrùn wọ̀ mí lójú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin bọ́ọ̀lù òkè (infield fly) ti mọ ohun tó yẹ kí n ké: pé onígi ti kú ná, ìbáà mú bọ́ọ̀lù, ìbáà má mú un, kí àwọn asáré fara balẹ̀. Mi ò ké e. Ẹnu mi kàn là sílẹ̀ ni. Ọmọ tó ń ṣọ́ béèsì kejì gbọ́n jù mí lọ: ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kanlẹ̀, ó gbé e, ó tẹ béèsì, ó sọ ọ́ sí ìkíní. Àwọn asáré ṣì ń wojú ara wọn. Ọmọ tó gbá a gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré bọ̀. Méjì kú lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́ta pé, eré parí.

Kóòṣì àwọn onílé rìn wá bá mi, jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Olùkọ́, ṣé kò sí òfin kan nípa irú bọ́ọ̀lù yìí ni?" Mo dá a lóhùn pé, "Ohun tí mo rí ni mo dá, ó ti parí." Mo sì gbé ìbojú mi lọ.

Irọ́ ni mo pa. Mo ti mọ̀ kó tó bi mí. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Àìkú, 10:02 alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tí kò mọ eré yìí ṣàlàyé díẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé nǹkan kékeré ni.

Nínú softball, tí wọ́n bá mú bọ́ọ̀lù òkè kó tó kanlẹ̀, asáré gbọ́dọ̀ ti wà ní béèsì rẹ̀ kó tó lè lọ. Tí kò bá sí ẹni tó mú un, tó sì kanlẹ̀, ó di dandan kí asáré sá, nítorí onígi ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ ò rí i pé asáré wà láàárín méjì? Bó bá dúró, wọ́n á jẹ́ kí bọ́ọ̀lù jábọ́. Bó bá sá, wọ́n á mú un. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ pé tí asáré bá wà ní béèsì kìíní àti ìkejì, tàbí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ẹni tó ti kú kò tíì pé méjì, tí bọ́ọ̀lù sì lọ sókè níbi tí àwọn aṣọ́lé inú (àwọn tó ń ṣọ́ béèsì) lè mú un láìṣe wàhálà, onígi ti kú lójú ẹsẹ̀. Kò sí èrè kankan mọ́ fún ẹni tó bá jẹ́ kó jábọ́.

Nítorí náà ọgbọ́n tí ọmọ béèsì kejì yẹn ta, ọgbọ́n tí òfin ti dí ọ̀nà rẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Má-bínú-sí-mi (Àìkú, 10:15 alẹ́)

Nítorí ife irin kan tí wọ́n rà lọ́jà ni gbogbo ariwo yìí? Wọ́n lù wọ́n, kí wọ́n lọ kọ́ òfin. Àwọn ọmọ náà yẹ kó mọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ sá. Rẹfirí kì í ṣe ìyá wọn.

Ìyá Onígi (Àìkú, 10:31 alẹ́)

Má-bínú, mo ti bínú sí ọ ná.

Èmi ò mọ òfin yín, ọmọ mi ló ń gbá a níbí ní Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ọmọ ṣe máa ń sunkún tí wọ́n bá ní òun ló pa eré. Olùkọ́, ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù tó lọ sókè yẹn, ẹ bá mi rántí rẹ̀ o. Òun ni gbogbo ilé á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí.

Bàbá Aláṣọ-Aró (Ajé, 6:05 òwúrọ̀)

Ẹ jí ire. Èmi ti gbé ìbojú kọ́ ògiri ó ti tó ọdún mẹ́jọ. Èkó ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí kí n tó padà sílé ní Àjàṣẹ́, nítorí náà ẹ fojú fo èdè mi tó bá dàrú.

Olùkọ́, ẹ gbọ́. Ìdájọ́ oríṣi méjì ló wà lórí pápá. Ọ̀kan ni èyí tí ojú ń dá: ṣé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ béèsì ni tàbí bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́? Ṣé bọ́ọ̀lù gba orí ilé kọjá ni tàbí ó gba ẹ̀gbẹ́? Lórí èyí, kóòṣì lè kùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò lè fi ẹ̀sùn kan yín níwájú ìgbìmọ̀. Ìkejì ni èyí tí ìwé ń dá: ẹni mélòó ló ti kú, àwọn wo ló wà ní béèsì, kí ni òfin sọ pé kó ṣẹlẹ̀. Bí rẹfirí bá ṣi ìwé lò, kóòṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun takò ó, kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù tó kàn. Bó bá jẹ́ eré tó kẹ́yìn pátápátá ni, kí rẹfirí tó fi pápá sílẹ̀.

Lóòótọ́, bóyá aṣọ́lé lè mú bọ́ọ̀lù òkè kan láìṣe wàhálà, ojú rẹfirí ló ń dá ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ fún wa pé ẹ wò ó tí ẹ rí i pé kò ṣeé mú. Ẹ sọ pé ẹ gbàgbé. Ọmọ náà dúró sábẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ráyè fà sẹ́yìn! Gbígbàgbé kì í ṣe ìdájọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ dá eré dúró, ẹ pe ẹnìkejì yín sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí kóòṣì kankan kò ti lè gbọ́, ẹ béèrè ohun tó rí. Lẹ́yìn náà, ẹ pe kóòṣì méjèèjì. Onígi kú. Asáré méjèèjì padà sí ibi tí wọ́n wà, nítorí pé àìké yín ló kó wọn sínú ewu. Ẹni méjì ti kú, ẹni tó kàn bọ́ sídìí igi. Àwọn àlejò ìbá bínú, wọn ìbá sì gbà.

Bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ gbàgbé kò dùn mí tó ìdáhùn tẹ́ ẹ fún kóòṣì. Ọkùnrin yẹn bi yín ní ìbéèrè ìwé, ẹ fi ìdáhùn ojú lé e dànù. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹ sùn.

Olùkọ́ Kétu (Ajé, 6:48 òwúrọ̀)

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí, ṣùgbọ́n ibi tó ń dùn mí gan-an lẹ fọwọ́ kàn. Mo ń lọ sí kíláàsì.

Sábẹ̀ẹ́ Lókè (Ajé, 1:20 ọ̀sán)

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀yin méjì ni. Èmi nìkan ni mo ń ṣe é níbí ní Sábẹ̀ẹ́. Pápá wa wà lábẹ́ òkè, kò jìnnà sí ọ̀nà Párákú, àwọn ọkọ̀ àjàgbé a sì máa fun fèrè bí ẹni pé àwọn náà ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ kí n ka àṣìṣe tèmi fún yín, kí ara yín lè balẹ̀.

Àkọ́kọ́, ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń wọn pápá. Ìwé ní mítà 18.29 láti béèsì dé béèsì. Mo ka ìṣísẹ̀ ogún, mo ní ó ti tó. Gbogbo ìgbà ni onígi ń dé béèsì kìíní kí bọ́ọ̀lù tó dé, mo sì ń yin àwọn ọmọ pé wọ́n ń sáré. Ìgbà tí mo rí okùn ìwọ̀n yá ni mo mọ̀ pé béèsì kìíní kò tó mítà mẹ́tàdínlógún! Gbogbo "ó yè" tí mo ti pè lóṣù mẹ́ta, mi ò mọ èyí tó yè lóòótọ́ nínú wọn. Báyìí mo ní okùn tí mo ta kókó sí. Kókó kan wà ní 18.29, òmíràn ní 25.86, ìyẹn láti ilé dé béèsì kejì ní ìbú. Tí kókó kejì kò bá bọ́ sí béèsì kejì, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọ́ nìyẹn.

Ìkejì, eérú la fi ń fa ìlà. Nígbà ọyẹ́, kí ìyípo kẹta tó dé, atẹ́gùn ti gbá ìlà lọ sí àgbàlá onílé. Bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, onítibí á ní inú ni, onítọ̀hún á ní ìta ni, èmi náà á máa wo ilẹ̀ pupa bí ẹni ń wá owó tó jábọ́. Mo wá ri èèkàn igi sí ìdí ìlà méjèèjì lọ́hùn-ún, mo sì fi okùn pupa wé wọn lórí. Tí mo bá dúró lẹ́yìn ilé, èèkàn yẹn ni mò ń wò, mi ò wo eérú mọ́.

Ìkẹta ló ń dùn mí. Ọmọ kan ń sáré láti béèsì kejì lọ sí ìkẹta, aṣọ́lé kan tí kò ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ dúró gbagidi sójú ọ̀nà, wọ́n kọlura. Inú bí mi, mo ké "dúró!" lójú ẹsẹ̀, eré kú. Bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù ti já mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ lápá ọ̀tún, ọmọ yẹn ìbá dìde kó sì sáré wálé. Ìwé ní kí rẹfirí na apá òsì gbọọrọ, kó jẹ́ kí eré máa lọ, kó wo ibi tí nǹkan yóò parí sí, kó tó fún asáré ní béèsì tí ìbá dé ká ní wọn ò dí i lọ́nà. Mo fi ìbínú gba àmì kan lọ́wọ́ ẹni tí mo rò pé mò ń gbè.

Àti pé èmi nìkan, báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù àti ẹsẹ̀ asáré pọ̀? Tí asáré bá fi béèsì sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù, ó kú. Òfin nìyẹn. Èmi kì í rí i. Wọ́n mọ̀ pé mi ò rí i. Ọmọ kan wà níbí tó ń jí béèsì bí ẹni jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Ẹ̀yìn-Igi (Ajé, 8:10 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi máa ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn onígi nígbà tí mo wà ní kọlẹ́ẹ̀jì. Kò sí ẹni tó sún mọ́ rẹfirí tó èmi. Èémí rẹ̀ wà létí mi fún wákàtí méjì. Mo lè sọ fún yín ìgbà tí yóò ṣìnà kó tó ṣìnà.

Rẹfirí tó dáa máa ń dúró láàárín èjìká mi àti onígi, ojú rẹ̀ á wà ní òkè ibi tí bọ́ọ̀lù sítíráìkì (bọ́ọ̀lù dáadáa tí ó yẹ kí onígi gbá) lè gbà, orí rẹ̀ kò ní mì. Ojú nìkan ló ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Èyí tí kò dáa máa ń fi orí tẹ̀ lé e. Mo máa ń gbọ́ bí ìbojú rẹ̀ ṣe ń dún "kẹ́ẹ́" lẹ́yìn mi, màá sì mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tó bá lọ sísàlẹ̀ lónìí, tiwa ni. Mítà 13.11 péré ni ajubọ́ọ̀lù àwọn obìnrin fi jìnnà sí ilé. Tó bá jẹ́ ọmọ tó lágbára, bọ́ọ̀lù kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé. Ẹni tó ń mi orí kò lè rí i.

Òmíràn tún wà tó máa ń pe sítíráìkì kó tó wọ ìbọ̀wọ́ mi. Mo máa ń fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà kan ó ké e báyìí, bọ́ọ̀lù wá yọ́ kúrò lọ́wọ́ mi. Sítíráìkì kẹta ni, èyí tó máa ń pa onígi, ṣùgbọ́n mi ò di bọ́ọ̀lù mú, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní béèsì kìíní, nítorí náà onígi lẹ́tọ̀ọ́ láti sáré, mo sì gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù kí n sọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n rẹfirí ti ju ìkúùkù sókè, ó ti ké "ó kú!" Ọmọ náà yíjú, ó ń lọ jókòó. Kóòṣì wọn ń pariwo pé kó sáré. Ó sáré. Èmi náà dúró, nítorí rẹfirí ní ó kú. Ẹ sọ fún mi, ta ló jẹ̀bi?

Wọ́n fi ọmọ náà sí béèsì kìíní. Ó dùn mí nígbà yẹn. Nísinsìnyí mo rí i pé wọ́n ṣe é dáadáa.

Bàbá Aláṣọ-Aró (Ajé, 8:44 alẹ́)

Ọmọ mi, o ṣé é gan-an. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rẹfirí lo fi gbólóhùn mẹ́ta sọ: kí ojú parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹnu tó bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́, mo tún ní ìbéèrè kan. Ẹ̀yin àti ọ̀dọ́kùnrin yẹn, ṣé ẹ ní àmì kan láàárín ara yín? Nígbà tiwa, tí asáré bá ti wà ní ìkíní àti ìkejì, tí ẹni tó kú kò tíì pé méjì, rẹfirí ẹ̀yìn ilé á fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, ti béèsì náà á fi ọwọ́ kan tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ń mọ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé: bọ́ọ̀lù òkè lè wáyé o. A máa ń ṣe é kí ajubọ́ọ̀lù tó gbé ẹsẹ̀, lójoojúmọ́, kódà tó bá ti sú wa.

Olùkọ́ Kétu (Ajé, 9:15 alẹ́)

Kò sí àmì kankan, Bàbá. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Mo kọ́ òfin nínú ìwé, kò sí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rántí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un, kì í ṣe àwáwí. Ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń dún ládùúgbò kejì lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mọ Kétu. Ọ̀dọ́kùnrin mi ní béèsì kìíní ń ṣe bí mo ṣe kọ́ ọ, ó ń wo ẹsẹ̀ asáré lórí béèsì, ó ń fi etí dúró de ìró bọ́ọ̀lù nínú ìbọ̀wọ́. Kò gbọ́ ìró kankan àyàfi ìlù. Ìgbà mẹ́ta ló wojú mi lọ́jọ́ náà bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Láti ìyípo kẹrin ni mo ti ń fi ojú kan ran tirẹ̀ lọ́wọ́, tí mò ń fi èkejì ṣe tèmi. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan.

Má-bínú-sí-mi (Ajé, 9:30 alẹ́)

Ìlù ló fà á. Oòrùn ló fà á. Ó kù kí ẹ ní àjẹ́ ló fà á.

Sábẹ̀ẹ́ Lókè (Ajé, 9:33 alẹ́)

Má-bínú, wá ṣe rẹfirí fún wa lọ́jọ́ kan. Màá ra wàgàṣì díndín fún ọ pẹ̀lú ata, n óò sì jókòó síbi tí mo ti lè gbọ́ ohun tí wọn yóò pè ọ́.

Má-bínú-sí-mi (Ajé, 9:41 alẹ́)

Wàgàṣì nìkan? Kò sí omi tútù?

Ìyá Onígi (Ìṣẹ́gun, 7:12 òwúrọ̀)

Nígbà tẹ́ ẹ ń jẹ wàgàṣì, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Lọ́dún tó kọjá, mo bú rẹfirí kan. Ọmọ kékeré ni, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó ní ọmọ mi kú ní béèsì kìíní, èmi sì rí i pẹ̀lú ojú mi pé ó ti dé. Mo pè é ní afọ́jú. Mo béèrè ẹni tó bí i. Ó kàn ń wo bàtà rẹ̀.

Ọmọ mi wá sọ fún mi nílé, nígbà tí mò ń ro àkàsà. Ó ní, "Ìyá mi, mo kú o. Bọ́ọ̀lù ṣáájú mi." Ibi tí mo jókòó sí wà lẹ́yìn béèsì kẹta! Mo wá a láti bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kò wá mọ́. Ó ti padà sí Kútọnú.

Bàbá Aláṣọ-Aró (Ìṣẹ́gun, 7:40 òwúrọ̀)

Ìyá, ẹ kú ìtìjú náà. Bí rẹfirí tuntun ṣe ń tán lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀ọ́: ní béèsì kìíní, ibi téèyàn dúró sí ṣe pàtàkì ju bó ṣe sún mọ́ ọn lọ. Rẹfirí gbọ́dọ̀ wà níbi tí yóò ti rí ẹsẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ pọ̀ láìsí ẹnikẹ́ni láàárín. Ẹni tó wà ní mítà mẹ́fà tó rí àlàfo dára ju ẹni tó wà ní mítà méjì tí ẹ̀yìn asáré dí lójú. Ẹni tó wà lẹ́yìn béèsì kẹta, eré ìran ló ń wò.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Ìṣẹ́gun, 2:05 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n Kétu, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín. Baseball ni, kì í ṣe softball, àmọ́ ẹ̀yà kan náà ni wọ́n.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2010, ní Detroit, ajubọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Armando Galarraga ti pa onígi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyíkéyìí tó dé béèsì. Ó ku ẹyọ kan kó pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ohun tí ọ̀pọ̀ ajubọ́ọ̀lù kò ní ṣe láyé wọn. Onígi gbá bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọ́n gbé e, wọ́n sọ ọ́ sí Galarraga fúnra rẹ̀ ní béèsì kìíní. Bọ́ọ̀lù ṣáájú. Gbogbo pápá rí i. Rẹfirí béèsì kìíní, Jim Joyce, na apá méjèèjì: ó yè!

Galarraga kò pariwo. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà lọ ju bọ́ọ̀lù sí onígi tó kàn, ó sì pa á. Joyce lọ wo fídíò lẹ́yìn eré, ó jáde síta, ó jẹ́wọ́ níwájú àwọn oníròyìn pé òun ṣì í, pé òun gba ohun ńlá lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ó tún bẹ Galarraga lójúkojú. Lọ́jọ́ kejì, Galarraga ló gbé ìwé orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wá fún un lẹ́yìn ilé, omi sì ń bọ́ lójú Joyce níwájú gbogbo èèyàn. Àwọn aláṣẹ kò yí ìdájọ́ náà padà. Ó ṣì wà nínú ìwé títí dòní pé onígi yẹn yè.

Má-bínú-sí-mi (Ìṣẹ́gun, 2:20 ọ̀sán)

Wọ́n ní kámẹ́rà. Kétu ò ní. Tí olùkọ́ bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀?

Olùkọ́ Kétu (Ìṣẹ́gun, 2:31 ọ̀sán)

Kóòṣì yẹn ti mọ̀.

Ẹ̀yìn-Igi (Ìṣẹ́gun, 5:50 ìrọ̀lẹ́)

Kí á má gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀lù tó lọ sáàárín ni bọ́ọ̀lù òkè o. Ẹ rántí àṣekágbá Olympic ti Tokyo lọ́dún 2021, tí Japan fi 2–0 na Amẹ́ríkà? Onígi Amẹ́ríkà kan gbá bọ́ọ̀lù gbígbóná tó lọ tẹ́ẹ́rẹ́, ó lu apá ẹni tó ń ṣọ́ béèsì kẹta, ó ta, kò tíì kanlẹ̀ tí aṣọ́lé mìíràn fi gbà á, ló bá sọ ọ́ sí béèsì kejì. Ẹni méjì kú. Mo wo ibẹ̀ yẹn lórí fóònù ìgbà àìmọye. Rẹfirí gbọ́dọ̀ rí i pé kò kan ilẹ̀ rárá, kó sì mọ̀ pé irú bọ́ọ̀lù tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin tí à ń jà lé lórí. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Ìṣẹ́gun, 6:15 ìrọ̀lẹ́)

Ìdí nìyẹn tí èmi fi sá lọ sí Baseball5 pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò mi. Ẹni márùn-ún, ìyípo márùn-ún, kò sí igi, kò sí ìbọ̀wọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà. Kò sí ajubọ́ọ̀lù, nítorí náà kò sí ìjà sítíráìkì. Ó sì ti wọ Olympic àwọn ọ̀dọ́ ti Dakar 2026, àwọn ọmọ mi kò sọ nǹkan míì mọ́. Ìjà béèsì kìíní ṣì wà níbẹ̀ o, ẹ má tàn yín jẹ.

Bàbá Aláṣọ-Aró (Ìṣẹ́gun, 9:00 alẹ́)

Olùkọ́, ife ti lọ. Eré tó ti parí, tí gbogbo ẹgbẹ́ ti lọ sílé, ẹ ò lè pè é padà, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀, nítorí àwọn àlejò kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọmọ béèsì kejì wọn ṣe, ẹ̀yin lẹ gbà á láyè. Àmọ́ ẹnu yín ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Olùkọ́ Kétu (Ọjọ́bọ̀, 9:20 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́. Mo lọ.

Ọ̀sán àná tí kò sí kíláàsì ni mo gun sémìjàn (ọ̀kadà) lọ sí kọlẹ́ẹ̀jì àwọn onílé. Mo ti pe kóòṣì wọn ṣáájú. Mo ní, "Ẹ bi mí lọ́jọ́ Sátidé bóyá òfin kan wà. Ó wà. Mo gbàgbé rẹ̀, mo sì purọ́ fún yín." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n wá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ.

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Mo fi òkúta mẹ́rin ṣe béèsì lórí ilẹ̀, mo fi ẹ̀kúrọ́ ṣe àwọn asáré, mo ṣàlàyé. Ìyá Onígi, ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn, mo rántí rẹ̀ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí mo parí, ó na ọwọ́. Ó ní, "Tíṣà, tí ẹ bá pè é dáadáa, èmi ńkọ́?"

Mo ní, "Ìwọ kú síbẹ̀síbẹ̀."

Ó wò mí. Ó wo ẹ̀kúrọ́ tó wà nílẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ọmọ kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Hẹn! Kì í ṣe èmi ló yẹ kó máa sunkún láti Sátidé. Ìwọ ni!"

Ọmọ yẹn ló kàn láti gbá. Ẹni méjì ìbá ti kú, asáré ìbá wà ní ìkíní àti ìkejì, òun ìbá bọ́ sídìí igi. Mi ò ronú kàn án rárá ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin yìí. Ìwọ̀nba ọmọ kékeré ni, apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó lọ mú igi nínú àpò, ó dúró níwájú mi, ó ní kí n ju ẹyọ kan fún òun.

Mo jù ú. Kò dáa, ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù. Ó gbá a, ó lọ fìì, ó gba orí ẹ̀ka máńgòrò kejì kọjá. Gbogbo wọn dìde, wọ́n yí ojú sí mi, wọ́n ń ké pé, "Inú àbí ìta, Tíṣà? Inú àbí ìta?"

Kò sí ìlà níbẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin mi tẹ̀ lé mi lọ. Nígbà tí à ń padà bọ̀ lórí ọ̀kadà kan náà, ó fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó wò mí. Mo fi ọwọ́ kan tèmi.

Sábẹ̀ẹ́ Lókè (Ọjọ́bọ̀, 9:37 alẹ́)

Ó ku okùn, olùkọ́. Mo ti ta kókó sí òmíràn, ó wà lọ́wọ́ awakọ̀ Kútọnú kan, yóò sọ ọ́ kalẹ̀ ní Bohicon lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ wá ẹni tí yóò gbà á.

Má-bínú-sí-mi (Ọjọ́bọ̀, 9:52 alẹ́)

Èmi wà ní Bohicon lọ́jọ́ Ẹtì. Màá gbà á. Máńgòrò yẹn ti pọ́n?